Ẹnikẹ́ni Ló Lè Dá Eré Dúró

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń wá bá mi nílé ní Òrè, tí ẹ ń bèèrè bóyá iṣẹ́ tíátà dára ní ṣíṣe, inú ń bí mi. Kì í ṣe ẹ̀yin gan-an lẹ bí mi nínú. Ọ̀rọ̀ tí ọ̀kan nínú yín sọ lọ́sẹ̀ tó kọjá ni. Ó ní ẹni tó ń kọ́ àwọn ní eré sọ pé òṣèré tí kò bá tíì jìyà kò tíì mọ eré. Ó sọ ọ́ bí ẹni tó gbé ọgbọ́n bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn. Mo wo ojú ọmọ náà, mo sì rí i pé ó gbà á gbọ́. Mo ti gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yẹn rí lẹ́nu ẹni tó mọ iṣẹ́ ju olùkọ́ tiyín lọ, mo sì mọ ohun tó bí. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe lo ayé mi lẹ́nu iṣẹ́ yìí, kí ẹ lè mọ̀ pé ìnira tó ń kọ́ni lẹ́kọ̀ọ́ wà, ìkà lásán sì wà. Orúkọ kan náà ni wọ́n ń pe méjèèjì.

Ajue ni wọ́n bí mi sí. Kòkó ni bàbá mi ń gbìn, ìyá mi ń ṣe epo pupa. Fìlíṣíà ni wọ́n sọ mí ní ṣọ́ọ̀ṣì, ṣùgbọ́n láti Òrè dé Òkìtìpupa, Màmá Eléré ni wọ́n mọ̀ mí sí. Nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ya Ìpínlẹ̀ Oǹdó sọ́tọ̀, tí owó epo rọ̀bì ń ṣàn, tí gbogbo ìlú ń kọ́lé, tí ọkọ̀ agbégẹdú ń kọjá lójú títì tọ̀sán-tòru, ẹgbẹ́ òṣèré kan wà ní Òrè. Ọ̀gá wọn ń jẹ́ Akíntúndé. Ó fi Òrè ṣe ibùdó nítorí pé oríta ni. Láti ibẹ̀, Èkó kò jìnnà, Bìní kò jìnnà, ọ̀nà Oǹdó àti ti Òkìtìpupa sì wà níwájú ilé. Mo wo eré wọn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, mo sì lọ bá wọn. Oṣù mẹ́ta ni bàbá mi kò fi bá mi sọ̀rọ̀, nítorí alágbe ni wọ́n ń ka eléré sí. Bí wọ́n ṣe gbà mí kò le, ohun tí wọ́n ń fún mi kò sì tó ohun tí à ń ròyìn. Ẹ jẹ́ ká fìyẹn sílẹ̀.

N kò ní purọ́ mọ́ Ọ̀gá Akíntúndé. Ó mọ iṣẹ́. Gbogbo ohun tí mo mọ̀ nípa ohùn, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo ti kọ́ ọ. Ilé ìlagi kan wà lójú ọ̀nà Oǹdó tí ẹ̀rọ rẹ̀ kì í sinmi. Òwúrọ̀ ló máa ń kó àwa ẹni tuntun lọ síbẹ̀. Á ní kí ẹnì kan dúró nítòsí ayùn tó ń ké, kí ẹnì kejì lọ dúró lẹ́yìn òkìtì gẹdú, kí a máa bára wa sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ pariwo. Ó ní ẹni tó ń pariwo kò ní nǹkan án sọ. Ó ní inú ni kí a ti gbé ohùn wá, kì í ṣe ọ̀fun. Oṣù mẹ́rin gbáko ni mo fi ṣe é kí ẹni tó wà lẹ́yìn gẹdú tó gbọ́ gbólóhùn mi kan délẹ̀. Ọjọ́ tó gbọ́ ọ, mo sunkún.

Ó tún ní kí n máa tẹ̀lé ìyá kan tó ń ru ẹ̀gẹ́ láti oko wá sí ọjà Òrè. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni mo tẹ̀lé e. Ó ní kí n wá sọ ibi tí ìyá náà ń gbé ìwúwo ẹrù yẹn sí nínú ara rẹ̀. Mo ní ọrùn ni. Ó ní kí n padà lọ wò ó. Mo ní ìbàdí ni. Ó tún dá mi padà. Ní ọjọ́ kẹfà ni mo rí i pé gìgísẹ̀ ni. Gìgísẹ̀ ìyá náà ló ń kọ́kọ́ mọ̀ pé ẹrù wà lórí, kí orí fúnra rẹ̀ tó mọ̀. Nígbà tí mo sọ ọ́, ọ̀gá kò yìn mí, ó kàn ní kí n máa rìn bẹ́ẹ̀. Títí dòní, bí mo bá ń ṣe arẹrù lórí ìtàgé, gìgísẹ̀ ni mo fi ń bẹ̀rẹ̀. Ìnira tó ń kọ́ni lẹ́kọ̀ọ́ nìyẹn. Mo dúpẹ́ rẹ̀.

Ìkà ọ̀tọ̀. Ẹni tó bá gbàgbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ lórí ìtàgé á kúnlẹ̀ lórí èérún òkúta, á na ọwọ́ sókè títí a ó fi di ẹrù sínú ọkọ̀ tán. Bí eré bá wà ní ìrọ̀lẹ́, a kò ní jẹun láti òwúrọ̀, nítorí ọ̀gá ní ebi ló ń jẹ́ kí ojú òṣèré dá. Àgbàlagbà ọkùnrin tó ní ìyàwó àti ọmọ nílé, ọ̀gá á fọ́ ọ létí níwájú wa, a ó sì máa wo ilẹ̀. Àwọn àgbà ní bí a bá fi ọwọ́ òsì bá ọmọ wí, ká fi ọwọ́ ọ̀tún fà á mọ́ra. Ọwọ́ méjèèjì ni òun fi ń bá wa wí.

Ti àwa obìnrin tún wà lọ́tọ̀. Mẹ́ta nínú àwọn òṣèrébìnrin ẹgbẹ́ náà, ìyàwó rẹ̀ ni wọ́n. Àlàyé rẹ̀ ni pé bí ará ìta bá fẹ́ òṣèré, á gbé e lọ, ẹgbẹ́ á sì tú. Nítorí náà, òun ni yóò fẹ́ wọn, kí iṣẹ́ má bàa bàjẹ́. Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ ná. Nígbà tó kàn mí, mo ní rárá. Kò lù mí, kò sì bú mi. Lọ́jọ́ kejì, ipa mẹ́ta tí mo ń kó nínú eré ti bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn, wọ́n sì gbé ẹ̀rọ ìránṣọ síwájú mi. Bí mo ṣe di aránṣọ ẹgbẹ́ nìyẹn. Kò sí ẹni tó bèèrè ìdí. Èmi náà kò sọ.

Ayé kò lọ bí òréré. Nígbà tí mo wọ ẹgbẹ́, àtùpà onígáàsì méjì ni a fi ń ṣeré, ìdí nìyẹn tí ọ̀gá fi kọ́ wa ní ohùn bẹ́ẹ̀. Kò pé ọdún méjì tí ó fi ra jẹnẹrétọ̀, ó ra maikirofóònù, ó ra iná aláwọ̀ mẹ́rin. Epo bẹntiróòlù kò wọ́n ju omi lọ nígbà náà. Aṣọ tó ń dán yinrinyinrin dé láti òkè òkun, èyí tí wọ́n fi rọ́bà hun, èèyàn á fọwọ́ kàn án, ara rẹ̀ á máa kọ mọ̀nà bí ti ẹja. Ohun tí kò bá dún tàbí tí kò tàn, ọ̀gá kò kà á sí eré mọ́. Ìlú mẹ́jọ ni à ń dé láàárín ọjọ́ mẹ́jọ. Inú ọkọ̀ ni a ti ń sùn, lórí ẹrù. Ẹni tí ibà bá ń ṣe á gbé ibà rẹ̀ wọ orí ìtàgé.

Ọ̀rẹ́ mi kan wà tó ń jẹ́ Morẹ́nikẹ́, ọmọ Òdìgbó. Ọdún kan náà ni a wọ ẹgbẹ́, ẹní kan la jọ ń sùn lé. Ohùn rẹ̀ dára ju tèmi lọ, n kò jowú rẹ̀, nítorí pé bí ó bá ń sọ̀rọ̀ lórí ìtàgé, èmi tí mo wà lẹ́yìn aṣọ ìkélé pẹ̀lú abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ a máa gbàgbé pé mo ń ránṣọ. Ọ̀gá kọ eré kan nípa ìlú tí ogun sun níná, tí olorì ibẹ̀ kọ̀ láti fi ilé ọkọ rẹ̀ sílẹ̀. Morẹ́nikẹ́ ni olorì. Ọ̀gá ní iná gidi ni òun fẹ́. Ó ní kí wọ́n to agbada irin sẹ́yìn ògiri ẹní tó dúró fún ààfin, kí wọ́n fi àkísà tí a rẹ sínú bẹntiróòlù sínú rẹ̀. Ó wá kó aṣọ tó ń dán yẹn fún mi, ó ní kí n fi rán ẹ̀wù olorì, kí ó fẹ̀, kí ó máa wọ́ nílẹ̀.

Mo gé díẹ̀ lára aṣọ náà, mo fi sórí àbẹ́là. Kò jó bí òwú ṣe ń jó. Yíyọ́ ló ń yọ́, tó sì ń kán tótó. Mo gbé e lọ bá ọ̀gá, mo fi hàn án. Ó wò ó, ó ní ṣé èmi ni mo ń kọ eré ni, àbí aránṣọ ni mí. Ó ní kí n lọ rán an.

Mo rán an. Ẹ má ṣe jẹ́ kí n fi ọ̀rọ̀ yìí pamọ́ sábẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn. Mo mọ̀, mo sì rán an. N kò sọ fún Morẹ́nikẹ́, nítorí mo bẹ̀rù pé wọn ó lé mi, mo sì ń ronú ohun tí bàbá mi yóò wí bí mo bá padà sí Ajue lọ́wọ́ òfo.

Gbọ̀ngàn kan ní Òdìgbó ni a ti ṣe eré náà, ní ìrọ̀lẹ́. Ibà ń ṣe Morẹ́nikẹ́ lọ́jọ́ náà, ojú rẹ̀ pọ́n. Ó bẹ ọ̀gá pé kí wọ́n jẹ́ kí òun sinmi. Ọ̀gá ní èrò ti kún gbọ̀ngàn, pé ìlú rẹ̀ ni, ṣé ó fẹ́ dójú ti ìyá rẹ̀ ni. Lóòótọ́, ìyá rẹ̀ wà níbẹ̀, ìlà kejì ló jókòó sí, ó wé gèlè tuntun.

Nígbà tí wọ́n ṣáná sí agbada, iná náà ga ju bí wọ́n ṣe rò lọ. Afẹ́fẹ́ gba ojú fèrèsé wọlé. Morẹ́nikẹ́ yí padà láti sọ gbólóhùn tó kẹ́yìn, ìdí ẹ̀wù rẹ̀ gbá agbada, mo sì rí i tí iná gun ẹ̀wù náà láti ilẹ̀ dé ọrùn kí èèyàn tó lè ka ení, èjì. Ó ké. Àwọn òǹwòran pàtẹ́wọ́. Wọ́n rò pé eré ni. Wọ́n dìde dúró, wọ́n ń pàtẹ́wọ́, wọ́n ń yìn ín, ìyá rẹ̀ náà sì ń pàtẹ́wọ́ láàárín wọn.

Àpò kòkó wà nílẹ̀ lẹ́yìn ìtàgé tí a fi ń nu ẹsẹ̀. Mo fà á, mo fò lé Morẹ́nikẹ́, mo fi àpò náà yí i lára. Dàda, káfíńtà ẹgbẹ́ wa, da garawa omi lé àwa méjèèjì lórí. Aṣọ náà ti lẹ̀ mọ́ ọn lára. Apá mi òsì yìí, ibi tí ẹ rí yìí, ọjọ́ náà ló jóná. Kékeré ni tèmi. Tirẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti àgbọ̀n, ó gba ọrùn àti àyà, ó dé ọwọ́ méjèèjì.

Wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù ní Oǹdó. Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, ọ̀gá pè wá jọ. Ó gbàdúrà fún Morẹ́nikẹ́, ó ní kádàrá ni. Ó wá ní eré wà ní Òkìtìpupa lọ́la, àti pé èmi ni mo mọ ọ̀rọ̀ olorì jù, nítorí náà kí n múra.

Mo bi í pé, "Aṣọ wo ni kí n wọ̀, sà?"

Ó ní, "Ṣebí ìwọ lò ń ránṣọ. Rán òmíràn."

Mo ní n kò ní í rán an, n kò sì ní í wọ̀ ọ́. Ó ní ẹnì kan ṣoṣo kò lè dá eré dúró.

Mo ní, "Ó yẹ kí ẹnì kan ti dá a dúró lánàá, sà. Èmi ni ó yẹ kó dá a dúró."

Mo di ẹrù mi. Dàda gbé àpótí irinṣẹ́ rẹ̀, ó tẹ̀ lé mi jáde. Àwọn yòókù lọ sí Òkìtìpupa. Ohun tó ń dùn mí jù títí dòní nìyẹn. Wọ́n lọ, wọ́n ṣe eré náà, wọ́n sì tún tan iná.

Nígbà tí Morẹ́nikẹ́ lè gbọ́ ọ̀rọ̀ dáadáa ní ọsibítù, mo jókòó tì í, mo sọ ohun tí mo mọ̀ nípa aṣọ náà fún un, láti orí àbẹ́là dé orí ẹ̀rọ ìránṣọ. Ó yí ojú sí ògiri. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni kò bá mi sọ̀rọ̀. Mo ń lọ síbẹ̀ lójoojúmọ́, mo ń gbé oúnjẹ fún un, mo sì ń bọ́ ọ. Lọ́jọ́ kẹwàá, ó ní kí n sún mọ́ òun, nítorí ohùn rẹ̀ kò tíì ròkè.

Ó ní, "Ọ̀gá ò gbọ́ tìẹ nítorí pé aránṣọ ni ọ́. Bí a bá tún ṣe eré, ẹnikẹ́ni tó bá rí ewu, ìbáà ṣe ẹni tó wọ ẹgbẹ́ lánàá, tó bá ti sọ pé ká dúró, kí gbogbo wa dúró. Ká tó bèèrè ìdí."

Mo ní ṣé òun tún fẹ́ ṣeré ni. Ó ní kí ni mo rò pé òun mọ̀ ọ́n ṣe mìíràn.

Ìdí tí a fi dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ ní Òdìgbó nìyẹn, àwa mẹ́ta, èmi, Morẹ́nikẹ́ àti Dàda, kó tó di pé àwọn mìíràn dara pọ̀ mọ́ wa. Ọ̀rọ̀ Morẹ́nikẹ́ ni òfin kìíní. Àwọn òfin yòókù jáde nínú ohun tí ojú wa ti rí. A kì í na ẹnikẹ́ni. Gbogbo wa gbọ́dọ̀ jẹun kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ara rẹ̀ kò dá á sinmi, a ó sì yí eré padà. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi ipa nínú eré wá ojú rere obìnrin. A kì í ṣe ju eré mẹ́ta lọ lọ́sẹ̀. Ọ̀sán la fi ń ṣe wọ́n, lórí ilẹ̀ onísìmẹ́ńtì tí àwọn àgbẹ̀ fi ń sá kòkó, ní Ajue, ní Àgọ́ Aláyé, ní Aráròmí Obu, nígbà tí kòkó kò bá sí lórí rẹ̀. Oòrùn ni iná wa. Bí eré bá parí, ojú ọ̀nà ṣì mọ́lẹ̀, kálukú á délé ní àlàáfíà. Ẹgbẹ́ Ọ̀sán ni wọ́n ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ní àwa ọ̀lẹ tí kò lè ṣe àìsùn. Àwa náà gba orúkọ náà, a kọ ọ́ sára àpótí wa.

Dàda kórìíra kí wọ́n gé igi nítorí eré. Ó ní òun ti rí ibi tí gẹdú ń gbà lọ lórí títì yẹn, pé bí ó bá ń bá a lọ bẹ́ẹ̀, àwọn ọmọ wa yóò máa ka orúkọ igi nínú ìwé ni. Ìgékù pákó tí àwọn ilé ìlagi ń dà nù ló fi ń ṣe gbogbo ilé, ìtẹ́ àti ọkọ̀ ojú omi inú eré wa. Kì í kan ìṣó mọ́ wọn, okùn ló fi ń dì wọ́n, kí a lè tú u ká tún un tò. Ààfin ti ọdún yìí á di afárá lọ́dún tó ń bọ̀. Bí ó bá gbó, a ó fi sílẹ̀ ní abúlé tí a bá wà, wọ́n á fi ṣe ilé adìyẹ. Aṣọ òwú nìkan ni mo ń rán.

Nígbà tí Morẹ́nikẹ́ ní kí a tún ṣe eré ìlú tó jóná, tí a óò fi ọwọ́ ara wa kọ ní ọ̀nà tiwa, mo gbé aṣọ tí mo ń rán sílẹ̀. Mo ní báwo ni a ó ṣe ṣe iná. Ó ní ká lọ kó ewé kòkó gbígbẹ. Àwa mẹ́jọ dúró yí ká lẹ́yìn ògiri, ewé náà wà lábẹ́ ẹsẹ̀ wa, a bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, lẹ́yìn náà kíkankíkan, a sì ń fi ọwọ́ gbé aṣọ pupa méjì sókè sódò. Morẹ́nikẹ́ jókòó láàárín, kò ké. Ó kàn ń sọ̀rọ̀ sí ilé ọkọ rẹ̀ ní ohùn tó ti há, tó sì ń wọni lára ju ti àtijọ́ lọ. Aráròmí Obu ni a ti kọ́kọ́ ṣe é. Àwọn èèyàn kò pàtẹ́wọ́. Wọ́n dákẹ́ lọ bí ẹni pé wọ́n wà nílé òkú. Àgbẹ̀ àjòjì kan, baba arúgbó tó ń dá oko olóko níbẹ̀, wá bá wa lẹ́yìn eré. Ó ní òun ń gbóòórùn èéfín, pé ká jọ̀ọ́ ká wo ẹ̀yìn bóyá nǹkan ń jó. Ọ̀gá Akíntúndé lo bẹntiróòlù, kò rí irú èyí rí. Ẹ lọ sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹni tó ní ìyà ló ń sọ èèyàn di òṣèré.

Ẹ má rò pé ó rọrùn. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ọjọ́ tí òfin wa dùn mí. Lọ́dún kan, ìjọba rán ènìyàn ńlá kan wá sí Òrè láti wá ṣí iṣẹ́ kan, wọ́n sì ní kí àwa wá ṣeré. A kò tíì ní irú àyè bẹ́ẹ̀ rí. Wọ́n fi pákó kan pèpéle fún wa láàárọ̀ ọjọ́ náà. Àlejò ti jókòó, sọ́jà ti tò, a ti wọ aṣọ. Ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Bímpé, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ló lò lọ́dọ̀ wa, òun ló kọ́kọ́ gun orí pèpéle. Ó rìn dé àárín, ó dúró, ó fi ẹsẹ̀ tẹ pákó lẹ́ẹ̀mejì. Ó wá yíjú sí wa.

Ó ní, "Dúró."

Gbogbo wa dúró. Ó ní òpó tó wà lábẹ́ ń mì, pé àwa mẹ́rìnlá kò gbọdọ̀ jó lórí rẹ̀. Òṣìṣẹ́ ìjọba tó pè wá sáré wá, ó ní irú ìwà wo nìyí, pé káfíńtà ìjọba ló kàn án. A ní ká ṣeré nílẹ̀. Ó ní rárá, àlejò kò ní rí wa. Inú bí mi sí Bímpé. Mo pè é sí ẹ̀gbẹ́, mo ní ṣé ó mọ ohun tó fẹ́ bà jẹ́ fún wa, pé kó padà sórí pèpéle. Èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀. Èmi tí mo rán aṣọ yẹn.

Morẹ́nikẹ́ gbọ́ ohun tí mo sọ. Ó wá dúró sí àárín èmi àti ọmọ náà. Kò gbé ohùn sókè. Ó ní, "Fìlíṣíà, o ti di Akíntúndé." Ó wá sọ fún àwọn yòókù pé kí wọ́n bọ́ aṣọ.

Wọ́n lé wa lọ bí ajá. Wọ́n lọ pe ẹgbẹ́ mìíràn, àwọn yẹn gun pèpéle náà, wọ́n jó lórí rẹ̀ fún wákàtí kan. Kò wó. Bẹ́ẹ̀ ni, kò wó. Wọ́n fi wá ṣẹ̀sín láti Òrè dé Oǹdó. Èèyàn méjì fi ẹgbẹ́ sílẹ̀, ìjọba kò sì pè wá mọ́. A ṣe ìpàdé, mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Bímpé níwájú gbogbo ẹgbẹ́, wọ́n sì ní kí n má wọ orí ìtàgé fún eré mẹ́ta. Mo jókòó sílẹ̀, mo ń ránṣọ. Dàda padà lọ wo ìdí pèpéle náà nígbà tí èrò túká. Ó ní òpó méjì ti sán, pé orí ló kó àwọn yẹn yọ. Kì í ṣe ìyẹn ni mo fi ń gbèjà òfin wa. Ká ní òpó náà le bí irin, ẹni tó ní ká dúró ṣì ní ẹ̀tọ́ pé ká dúró. Bí ó bá jẹ́ pé ìgbà tí ewu bá ṣẹlẹ̀ tán nìkan la máa ń gbà pé ẹni tó kìlọ̀ kò ṣìnà, tani yóò tún kìlọ̀?

Lẹ́yìn náà, fídíò dé. Àwọn gbọ̀ngàn di ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn ọ̀dọ́ ń jókòó sílé wo eré. Ẹgbẹ́ wa kéré, kò kú. A ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́, a ń lọ sí abúlé tí ọkọ̀ kò dé, a ń gun ọ̀kadà pẹ̀lú ẹrù lẹ́yìn. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí a kọ́ ló ń ṣe fíìmù báyìí. Díẹ̀ nínú wọn ń tẹ̀ lé òfin wa níbi tí wọ́n wà, àwọn kan sì ti gbàgbé, wọ́n ń ṣe ohun tí ọ̀gá tuntun bá wí. Inú àwọn yẹn ni ẹni tó ń kọ́ yín ti jáde. Mo mọ̀ ọ́n. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, nítorí náà mo ti lọ bá a nílé, mo sì ti sọ tẹnu mi fún un.

Ó ku ọdún kan kí n fẹ̀yìn tì nígbà tí Ọ̀gá Akíntúndé ránṣẹ́. Ó ti darúgbó, ẹgbẹ́ rẹ̀ ti tú tipẹ́. Ó rán àgbàlagbà kan sí Morẹ́nikẹ́ pé kó wá rí òun nílé, òun fẹ́ bẹ̀ ẹ́. Mo ní kó má lọ. Morẹ́nikẹ́ dá ìránṣẹ́ náà lóhùn pé gbangba ni òun ti jó, kì í ṣe nínú yàrá. Bí ọ̀gá bá ní ọ̀rọ̀, kó wá sọ ọ́ níwájú àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wa.

N kò rò pé yóò wá. Ó wá. Ó fi ọ̀pá ń tilẹ̀, ọmọ rẹ̀ obìnrin dì í mú. Àwọn ọ̀dọ́ bí ogún ló ń dánra wò lọ́jọ́ náà. A fún un ní àga, kò jókòó. Ó wo Morẹ́nikẹ́, ó wo ọrùn rẹ̀ àti ọwọ́ rẹ̀, bí ẹni tí kò tíì wò wọ́n rí.

Ó ní, "Wọ́n sọ fún mi pé aṣọ yẹn léwu. Ara rẹ kò yá, o bẹ̀ mí. Mo gbọ́ méjèèjì. Mo fẹ́ kí wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi ni. Kì í ṣe kádàrá. Èmi ni."

Morẹ́nikẹ́ ní òun gbọ́, òun sì dárí jì í, kí wọ́n fún un lómi. Ó yíjú sí àwọn ọ̀dọ́, ó ní kí wọ́n máa bá ìdánrawò wọn lọ.

Morẹ́nikẹ́ ló jóná, òun ló sì ní ìdáríjì tó fi ta á lọ́rẹ. Èmi kò tíì dárí jì í, mo sì ti bi Ọlọ́run léèrè bóyá dandan ni. Ohun tí mo mọ̀ ni pé gbogbo ọdún tí ọkùnrin yẹn fi ń pe iná tó tàn ní kádàrá, gbólóhùn kan péré ló jẹ gbèsè rẹ̀: kì í ṣe kádàrá. Ó dàgbà tán kó tó rí i sọ. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ṣe iṣẹ́ yìí, ẹ ṣe é, ó dára, kò sí iṣẹ́ tí mo lè fi rọ́pò rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má dúró di arúgbó kí ẹ tó mọ ẹni tí ó dá iná.